Kéèkì Inú Iyanrìn Ẹ̀bútè Èrò

Títí di òní, bí agolo méjì bá kan ara wọn níbi kan, ara mi a kọ́kọ́ yá gágá kí n tó rántí pé mo ti dàgbà. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni mí nígbà tí mò ń sọ yìí. Ìsàlẹ̀ Gángan là ń gbé, nínú ilé àtijọ́ kan tí ìdílé bíi mẹ́fà jọ ń lo ẹ̀yìnkùlé rẹ̀. Yàrá méjì ni tiwa, mo sì ti fi ara mi jẹ ẹnjiníà ilé wa láìsí ẹni tó yàn mí. Ohunkóhun tí ẹlòmíràn bá ti fẹ́ gbé lọ sí ààtàn, ọ̀dọ̀ mi ló máa ń yà sí. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì wa kún fún agolo mílíìkì, páálí, àpò fúláwà òfìfo, àti ìdérí ìkòkò mẹ́ta tí kò ní ìkòkò. Àwọn àbúrò mi obìnrin méjèèjì ní àwọn kì í sùn dáadáa nítorí eku tó ń sáré nínú ẹrù mi. Mo sọ fún wọn pé wọn kò mọ ohun tó ń bọ̀. Kí n má purọ́, èmi náà kò mọ̀ ọ́n.

Ìyá wa ń ta aṣọ ní Ìdúmọ̀tà. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa ló ti ń lọ, nígbà tó bá fi máa dé, wọ́n á ti kírun Mọ̀gáríbì, ẹsẹ̀ rẹ̀ á ti wú, ohùn rẹ̀ á sì ti há nítorí pé ó ti ń bá àwọn oníbàárà sọ̀rọ̀ láti àárọ̀. Bàbá wa ń bá ọkọ̀ òkun ṣiṣẹ́, ó lè lo oṣù mẹ́fà lórí omi ká má rí ju lẹ́tà ẹyọ kan lọ. Àwa ọmọ jẹ́ mẹ́rin: èmi tí mo jẹ́ àkọ́bí obìnrin, àwọn obìnrin méjì tó tẹ̀ lé mi, àti àbíkẹ́yìn wa ọkùnrin tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin. Èmi ni mo ń wẹ̀ ẹ́, èmi ni mo ń fún un lóúnjẹ. Bí a bá lọ sílé ìwé, ìyá wa á mú un dání lọ sí ṣọ́ọ̀bù, orí aṣọ ló sì máa ń sùn sí níbẹ̀. Ìparí àwọn ọdún 1980 ni, gbogbo nǹkan ń gbówó lórí, fúláwà pàápàá ti di ọ̀wọ́n débi pé búrẹ́dì tí a máa ń jẹ láàárọ̀ tẹ́lẹ̀ ti di ohun tí à ń wò lójú títì tí a sì ń kọjá. Kò sẹ́ni tó máa wọ ilé wa tó máa sọ pé ó dára ní wíwò. Lójú tèmi, kò sí irú rẹ̀ ní gbogbo Èkó.

Lójú Àǹtí Ìbàdàn, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá wa obìnrin ni, tíṣà àgbà tí ọmọ tirẹ̀ ti dàgbà tán, ẹni tí kì í fi aṣọ tí wọn kò lọ̀ sára. Nígbà tó ku bí ọ̀sẹ̀ kan kí ààwẹ̀ Rámádánì bẹ̀rẹ̀, ó yà sí ṣọ́ọ̀bù ìyá wa láì sọ tẹ́lẹ̀, ó sì bá àbíkẹ́yìn wa lábẹ́ tábìlì. Ó ti sùn lọ, búnsì tí wọ́n rà fún un lójú títì wà lọ́wọ́ rẹ̀, eṣinṣin sì ń bá a jẹ ẹ́. Àǹtí kò pariwo, kì í pariwo. Ó kàn jókòó, ó ní òun kò dá ìyá wa lẹ́bi, pé ẹnì kan ṣoṣo kò lè wà níbi méjì lẹ́ẹ̀kan náà, ṣùgbọ́n òun máa mú ọmọ náà lọ sọ́dọ̀ òun ní Ìbàdàn, níbi tí ọgbà wà tí yóò ti máa sáré, tí yóò sì máa jẹun lásìkò. Ó ní ní Sátidé kẹta nínú ààwẹ̀, òun máa wá bá wa ṣínu, bí ilẹ̀ bá sì mọ́ lọ́jọ́ kejì, òun àti ọmọ á jọ máa lọ. Ìyá wa dáhùn pé òun ti gbọ́. Kí ni ìyàwó ilé ìgbà yẹn ì bá tún sọ fún ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀?

Mi ò mọ ohunkóhun nípa rẹ̀ títí di ọjọ́ Sọ́ńdè kan tí ìyá wa kò lọ sọ́jà. Mo wọlé, mo bá a tó ń ká aṣọ àbíkẹ́yìn wa sínú báàgì búlúù kékeré kan. Ó ká ṣòkòtò kan, ó tú u, ó tún un ká. Mo bi í pé ibo lẹ fẹ́ lọ. Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún mi láì gbójú sókè, ó sì kìlọ̀ fún mi pé n kò gbọ́dọ̀ sọ ọ́ létí ọmọ náà, kí ó má baà bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún kí ọjọ́ tó pé.

Mo jáde sí ẹ̀yìnkùlé, mo jókòó sórí garawa, mo sunkún díẹ̀. Ṣùgbọ́n irú ọmọ tí mo jẹ́ ni pé bí inú mi bá bàjẹ́, ọwọ́ mi ló kọ́kọ́ máa ń wá nǹkan ṣe. Kí n tó nu ojú mi tán ni ọ̀nà ti là níwájú mi. Kí ni Àǹtí rí tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn? Búnsì ojú títì ló rí, ọmọ tó ń sùn lábẹ́ tábìlì ló rí. Bí ó bá wá dé ní Sátidé tó sọ yẹn, tó bá kọ́tìnì lójú fèrèsé, tó rí ìjókòó gidi tó fi ìdí lé, tí wọ́n sì gbé kéèkì tí a yan nílé síwájú rẹ̀, ṣé kò ní mọ̀ pé ilé tó ní ẹni tó ń mójú tó o ni? Ojú á tì í, á sì dá nìkan padà. Mo rò ó síwá, mo rò ó sẹ́yìn, mi ò rí ibi tó kù sí. Mo ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àti abẹ́ bẹ́ẹ̀dì tó kún fún agolo, ara mi kò sì lélẹ̀ mọ́.

Ìjókòó ni mo kọ́kọ́ dojú kọ. Abọkí kan wà nídìí òpó iná lẹ́bàá ilé wa tó ń ta tíì, agolo mílíìkì sì máa ń pọ̀ nídìí rẹ̀. Mo lọ bẹ̀ ẹ́ pé kó máa kó wọn pa mọ́ fún mi. Nígbà tó gbọ́ pé àga ni mo fẹ́ fi ṣe, ó rẹ́rìn-ín títí, ó ní kí n rí i dájú pé mo ṣe tòun náà. Agolo méje ni mo fi ń ṣe ìpele kan, ọ̀kan láàárín, mẹ́fà yí i ká, ìpele méjì sì ń di tìmùtìmù kan. Mo fi okùn dì wọ́n pọ̀, mo fi páálí wé ẹ̀gbẹ́ wọn, mo tẹ́ fóòmù tí mo gé lára bẹ́ẹ̀dì ògbólógbòó sí i lórí, mo sì fi aṣọ bò ó. Èyí àkọ́kọ́ dára lójú mi débi pé mo pe gbogbo ilé kí wọ́n wá wò ó. Àbíkẹ́yìn wa jókòó lé e, agolo tẹ́, ìjókòó dà nù, ọmọ yí gbirigbiri dé ẹsẹ̀ ilẹ̀kùn. Ó dìde, ó ní òun tún fẹ́ ṣe é. Mo tú gbogbo rẹ̀, mo ki ìwé ìròyìn mọ́ inú agolo kọ̀ọ̀kan títí kò fi lè mì mọ́, mo sì tún un dì. Ìgbà yẹn ló le. Mo ṣe mẹ́rin, gbogbo ìka mi ló bó.

Kọ́tìnì ni mo fi síkàáwọ́ àwọn àbúrò mi obìnrin. Bí ìyá wa bá ń gé aṣọ fún oníbàárà, èékù rẹ̀ máa ń kù sílẹ̀, kò sì sí ẹni tó ń rà á. A tò wọ́n pọ̀: ànkárá, léèsì, àdìrẹ, aṣọ kan tó ní àwòrán ẹyẹ, òmíràn tó jẹ́ pé ẹsẹ̀ ẹyẹ nìkan ló wà lára rẹ̀. Wọ́n ń rán an lẹ́yìn ilé ìwé, àwọn méjèèjì ń jà lórí òwú, èmi sì ń rìn láàárín wọn, mo ká ọwọ́ sẹ́yìn, bí ọ̀gá. Nígbà tí a fi kọ́ ọ, oòrùn ìrọ̀lẹ́ gba inú rẹ̀ kọjá, gbogbo ògiri yàrá wa di aláràbarà. A dúró, a ń wò ó. Inú mi dùn débi pé ebi ààwẹ̀ kúrò lára mi.

Ìyá wa dé lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ó wo ojú fèrèsé, ó jókòó lórí ọ̀kan nínú àwọn tìmùtìmù náà láì tíì bọ́ bàtà. Ó ní ó le dáadáa. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó wọ yàrá lọ. Báàgì búlúù yẹn ṣì wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù.

Kéèkì ló wá kù, mi ò sì mọ bí wọ́n ṣe ń yan kéèkì. Kò sí ààrò ìgbàlódé nílé wa, sítóòfù oníkẹrosíìnì là ń lò. Ṣùgbọ́n oníbàárà ìyá wa kan wà ní Pópó Àgùdà, màmá arúgbó kan tí ilé rẹ̀ ní fèrèsé onígi gíga, Ìyá Àgùdà là ń pè é. Nínú ọ̀sẹ̀ kejì ààwẹ̀, ìyá wa rán mi lọ fún un ní aṣọ. Bí mo ṣe wọ ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ni òórùn kan gbá mi nímú, ó dùn débi pé mo ní láti dúró kí n rántí pé mò ń gbààwẹ̀. Ìkòkò ńlá kan ló wà lórí sítóòfù bíi tiwa yìí gan-an, ó dé e pa. Ó ṣí ìdérí hàn mí: iyanrìn ló wà nísàlẹ̀ ìkòkò, òkúta pẹlẹbẹ mẹ́ta wà lórí iyanrìn, agolo bisikíìtì tí wọ́n gé sì wà lórí òkúta, kéèkì ń wú nínú rẹ̀. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fò. Ohun gbogbo tó wà níbẹ̀, mo ní in lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì wa.

Ó kọ́ mi. Kò kọ ọ́ síwèé, agolo mílíìkì ló fi wọn gbogbo rẹ̀, èyí sì wú mi lórí ju ohunkóhun lọ: fúláwà agolo mẹ́ta, ṣúgà agolo kan, bọ́tà díẹ̀ dín ní agolo kan, ẹyin mẹ́rin, páúdà tó ń mú kéèkì wú, àti èèpo ọsàn tí a rin. Ó ní kí n máa po ṣúgà àti bọ́tà títí mi ò fi ní gbúròó ṣúgà mọ́ lábẹ́ ṣíbí. Ó ní kí iyanrìn kọ́kọ́ gbóná dáadáa kí n tó gbé agolo sí i, kí n sì má ṣe máa ṣí i wò. Mo bi í pé báwo ni màá ṣe mọ̀ bó bá jinná nígbà tí mi ò ní lè ṣí i, tí mi ò sì lè tọ́ ọ wò nítorí ààwẹ̀.

“Imú rẹ ni yóò sọ fún ọ, ọmọ mi,” ló wí. “Má ṣí i kí imú rẹ tó sọ̀rọ̀.”

Kò sọ irú iyanrìn tí mo máa bù. Èmi náà kò bèèrè. Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó ni mí, bí ẹ bá ti dárúkọ iyanrìn fún mi, etí ọ̀sà lọkàn mi ń lọ.

Ní Sátidé tí Àǹtí dá, èmi àti àbúrò mi kan gbé garawa lọ sí Ẹ̀bútè Èrò lẹ́yìn ìrun àárọ̀. Ibi tí àwọn apẹja ń fa ọkọ̀ wọn gúnlẹ̀ sí tí wọ́n sì ń gbọn àwọ̀n wọn la lọ. Àbúrò mi ní ká bù ú lọ́ọ̀ọ́kán níbi tó ti pupa díẹ̀. Mo bá a wí. Iyanrìn tó wà nídìí ọkọ̀ àwọn apẹja ló wù mí, nítorí pé ó funfun, ó sì ń dán yinrinyinrin bí oòrùn ṣe ń tàn sí i. Mo gbà pé iyanrìn tó ń dán ló dára jù fún kéèkì. Kò wá sí mi lọ́kàn láti bi ara mi léèrè pé kí ló ń dán nínú rẹ̀.

Ìyá wa ti gbà kí n lo ṣúgà àti bọ́tà tó rà sílẹ̀ fún sààrì. Fúláwà ni mo tọrọ lọ́wọ́ Ìyá Àgùdà, ó fún mi láì janpata. Mo po ṣúgà títí mi ò fi gbúròó rẹ̀ mọ́, apá ń ro mí, àwọn àbúrò mi dúró tì mí bí ẹni tó ń ṣọ́ ẹni tó fẹ́ bímọ. Lẹ́yìn ìrun Àlásárì, mo tan sítóòfù ní ẹ̀yìnkùlé, mo da iyanrìn sínú ìkòkò wa tó tóbi jù, mo to òkúta sí i, mo dé e kó gbóná.

Kò pẹ́ tí òórùn ẹja fi bẹ̀rẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ ààwẹ̀, kò sí òórùn tí kì í sí ní ẹ̀yìnkùlé wa, nítorí gbogbo ìyá ilé ló ń dáná ìṣínu lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyá kan tí yàrá rẹ̀ kángun sí tiwa wà nídìí iná ní ẹ̀gbẹ́ mi, mo sì gbà pé ẹja ló ń yan. Ó ń ta sánsán lóòótọ́, ẹni tó ń gbààwẹ̀ sì ni mí. Mo kí i pé, “Ẹ kú iṣẹ́ o, mà, ẹja yín ń ta sánsán.” Ó wò mí, ó wo ìkòkò ẹ̀wà tó wà lórí iná rẹ̀, ó ní ẹ ṣé. Mo rò pé ó rẹ̀ ẹ́ ni.

Mo gbé agolo kéèkì sínú ìkòkò, mo dé e, mo gbé òkúta lé ìdérí. Àbíkẹ́yìn wa fẹ́ lá ṣíbí, mo sì jẹ́ kó lá a, nítorí òun kò tíì máa gbààwẹ̀, ó sì ní ó dùn. Ẹ̀rí tí mo ní nìyẹn. Mo jókòó ti ìkòkò náà, mò ń fi imú gbọ́ ohun tó máa sọ. Òórùn ẹja kọ́kọ́ borí, lẹ́yìn náà òórùn ọsàn yọjú, lẹ́yìn náà òórùn ṣúgà tó ń pọ́n. Nígbà tí èyí gba ẹ̀yìnkùlé kan, mo mọ̀ pé imú mi ti sọ̀rọ̀. Mo ṣí ìdérí. Kéèkì náà ti wú kọjá etí agolo, orí rẹ̀ pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ó là díẹ̀ láàárín gẹ́gẹ́ bí ti Ìyá Àgùdà. Mo pariwo, àwọn àbúrò mi pariwo, àwọn ará ilé yọjú láti wò ó. Àbíkẹ́yìn wa na ọwọ́ sí i, mo sì gbá ọwọ́ rẹ̀ padà. Mo ní kò sẹ́ni tó máa fọwọ́ kàn án títí Àǹtí á fi dé. Bí inú mi ṣe dùn tó ní ìrọ̀lẹ́ yẹn, mi ò rò pé ó dùn bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó mi.

Àǹtí Ìbàdàn dé nígbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n pe ìrun. Ó wọlé, ó bọ́ bàtà, ó wo kọ́tìnì láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó bèèrè ẹni tó rán an, mo sì nawọ́ sí àwọn àbúrò mi. Ó fi ọwọ́ tẹ tìmùtìmù kan, ó jókòó lé e pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó tún ìdí rẹ̀ gbé, ó sì farabalẹ̀. Mo rí i pé ojú rẹ̀ rọ̀. Mo ń kà á nínú ọkàn mi: kọ́tìnì, ó ti mú un, ìjókòó, ó ti mú un, kéèkì ló kù. Ìyá wa ti gbé báàgì búlúù sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn. Mo ṣe bí ẹni tí kò rí i.

Wọ́n pe ìrun. A fi dàbínù àti omi ṣínu, a kírun, a jẹ oúnjẹ, lẹ́yìn náà mo gbé kéèkì jáde lórí àwo tó dára jù nílé wa. Ìyá wa gé e, ó fún olúkúlùkù. Àbúrò mi tó tẹ̀ lé mi ló kọ́kọ́ bù ú jẹ. Ó dá ẹnu dúró. Èkejì wo ojú rẹ̀, òun náà dá ẹnu dúró. Mo yára bu tèmi sẹ́nu. Ẹja ni. Ó rọ̀, ó dùn, ó ní ṣúgà, òórùn ọsàn wà lára rẹ̀, lábẹ́ gbogbo rẹ̀ sì ni ẹja gbígbẹ wà, ó mú gan-an. Ìpẹ́ ẹja ló ń dán nínú iyanrìn yẹn, tí mo gbé sórí iná, tí mo dé pa mọ́ kéèkì lórí. Ojú tì mí débi pé etí mi gbóná. Mi ò lè wo Àǹtí. Ojú ilẹ̀kùn ni mò ń wò, báàgì búlúù ni mò ń wò.

Àǹtí ń jẹ kéèkì lọ. Ó jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, ó gbé ìyókù sún mọ́ imú, ó sì dijú.

“Iyanrìn ibo lo bù?”

Mo ní, “Ti Ẹ̀bútè Èrò ni, mà. Nídìí ọkọ̀ àwọn apẹja. Ẹ má bínú, mà.”

Kò bínú. Nígbà tó sọ̀rọ̀, kò jọ pé àwa ló ń bá sọ ọ́. Ó ní ìyá àwọn, ìyá bàbá wa tí àwa ọmọ kò bá láyé, ẹ̀pà ló ń yan tà ní àdúgbò yìí kan náà, iyanrìn etí ọ̀sà ló sì fi ń yan án, nítorí pé òun ló sún mọ́ ọn. Ẹ̀pà rẹ̀ máa ń rùn bí ẹja díẹ̀, aṣọ àwọn ọmọ rẹ̀ náà sì ń rùn bẹ́ẹ̀, débi tí wọ́n fi ń pè wọ́n ní ọmọ ẹlẹ́ja nílé ìwé. Nígbà tí òun pé ọmọ ọdún mẹ́fà, ìbátan kan wá, ó ní iṣẹ́ ti pọ̀ jù lọ́rùn ìyá àwọn, ó sì mú òun lọ sí Ìbàdàn. Ìyá àwọn di ẹ̀pà sí etí ìborùn fún òun. Òun ń jẹ ẹ́ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan lójúmọ́.

“Wọ́n tọ́jú mi dáadáa níbẹ̀ o,” ló wí. “Ebi ò pa mí, mi ò ṣàìsàn. Ṣùgbọ́n nígbà tó ku ẹyọ kan, mi ò jẹ ẹ́. Mò ń gbóòórùn rẹ̀ ni. Mo gbóòórùn rẹ̀ títí kò fi rùn mọ́.”

Àbíkẹ́yìn wa, tó ti jẹ tirẹ̀ tán láì mọ̀ pé nǹkan kan ṣe é, rìn lọ sọ́dọ̀ Àǹtí, ó fara tì í lórúnkún, ó sì bi í pé ṣé ẹ máa jẹ tiyín tán. Àǹtí kó ìyókù lé e lọ́wọ́. Ó ń wò ó bó ṣe ń jẹ ẹ́. Lẹ́yìn náà ó wo báàgì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn.

“Ìyàwó wa,” ló wí, “tú ẹrù yẹn. Èmi ni màá máa wá wò ó níbí.”

Ìyá wa fẹ́ dúpẹ́, kò lè parí rẹ̀. Ó tú gèlè orí rẹ̀, ó fi nu ojú. Èmi fò sókè, mo tẹ ẹsẹ̀ àbúrò mi mọ́lẹ̀, mi ò tilẹ̀ mọ̀. Ọmọ tí ọ̀rọ̀ kàn ń ṣa èérún kéèkì lára aṣọ rẹ̀ jẹ.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni Àǹtí ká apá aṣọ rẹ̀ tó lọ̀ sókè, ó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fọ iyanrìn. Ó ní ìyá òun padà mọ̀ ọ́n, nígbà tí òun ti lọ tán. Ẹ fọ̀ ọ́ lómi títí omi á fi mọ́, ẹ sá a sóòrùn, ẹ yan án ní òfìfo títí gbogbo òórùn á fi jáde, kí ẹ tó gbé ohunkóhun sórí rẹ̀. Kó tó lọ, ó bá ìyá tó se ẹ̀wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi yẹn sọ̀rọ̀, ìyẹn sì gbà láti máa mójú tó àbíkẹ́yìn wa títí a ó fi máa dé láti ilé ìwé, kó má baà sùn lábẹ́ tábìlì mọ́. Láti ìgbà náà, a ń yan kéèkì ní gbogbo Sátidé, òun là ń gbé lọ sílé ìwé dípò búnsì, Àǹtí kì í sì í wá láì gbé fúláwà dání. Kéèkì mi kò rùn bí ẹja mọ́. Mo di ọ̀gá nínú rẹ̀, mo sì gbéraga díẹ̀, ẹ bi àwọn àbúrò mi.

Ó ti pẹ́ o. Àǹtí Ìbàdàn ti lọ, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Ìyá wa wà lọ́dọ̀ mi, ó ti darúgbó, ó sì fẹ́ràn láti jókòó lójú fèrèsé. Ààrò onígáàsì ni mò ń lò báyìí, ó ní agogo kékeré kan tó máa ń dún bí kéèkì bá jinná, imú mi kò níṣẹ́ mọ́. Nínú ìjókòó mẹ́rin tí mo ṣe, ọ̀kan ṣì kù, mo ti pààrọ̀ aṣọ rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Bí àbíkẹ́yìn wa bá wá ṣínu lọ́dọ̀ mi pẹ̀lú ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀, orí rẹ̀ ló máa ń jókòó, géńdé ọkùnrin, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àga gidi wà káàkiri. Kò sẹ́ni tó sọ ọ̀rọ̀ báàgì búlúù fún un rí. Ìyá wa ní kí n má sọ ọ́ létí ọmọ náà, kò sì tíì sọ fún mi pé mo lè sọ ọ́.

Nínú ààwẹ̀ tó kọjá, ó jẹ kéèkì mi, ó jẹ ẹ́ tán, ó wo àwo.

“Sísí mi, ó dùn o,” ló wí. “Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà nínú èyí tí ẹ kọ́kọ́ ṣe nígbà tí mo wà ní kékeré. Mi ò mọ ohun tó jẹ́. Mi ò tíì rí i níbì kankan láti ìgbà yẹn.”

Mo wo ìyá wa, ìyá wa wò mí. Mo sọ fún un pé iyanrìn ni. Ó rò pé mò ń bá a ṣeré, ó rẹ́rìn-ín, mo sì gé òmíràn fún un.